Obìnrin Tí Wọ́n Sọ Di Ẹlẹ́rìí Èké ní Gbọ̀ngàn Mápó

Ọgbà kan tí wọ́n ti ń rẹ aró ni a pàdánù ní Bẹ́yẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn. Iná kò jó o, àgbàrá kò sì wọ́ ọ lọ. Katakata ló wó o lọ́sàn-án gangan, ìbéèrè lọ́yà kan ló sì dí ọ̀nà tí ì bá gbà padà sọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ni ín. Orúkọ rere ẹnì kan bá ọgbà náà lọ. Sàlámátù ni wọ́n ń pè é, aláró ni, opó ni, ìyàwó ilé sì ni ní agbo ilé tí ọgbà náà wà. Gbogbo ìlú wo ojú rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn, wọ́n sì pè é ní òpùrọ́. Èmi ni ògbufọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fi kọ̀ tí kò jáde.

Ó ti rẹ̀ mí. N kò kọ ìtàn yìí nítorí pé mo ṣì ní agbára láti bá ẹnikẹ́ni wọ̀yá ìjà. Mo kọ ọ́ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ òfin, tí wọ́n máa ń wá kí mi ní ìloro ilé mi ní Yemetu. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ ti rí lọ́yà púpọ̀. Èwo nínú wọn ló mọ ẹlẹ́rìí bi ní ìbéèrè jù? Àwa fẹ́ dà bí i tirẹ̀." Kí n tó lanu, àwọn fúnra wọn á ti dárúkọ ẹnì kan. Ọkùnrin kan náà ni gbogbo wọn máa ń dárúkọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ mi ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn lọ́yà, kí ẹ sì fúnra yín wọn ọ̀gbẹ́ni náà wò.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi jẹ́ katikíìsì nínú ìjọ Áńgílíkà. Mo jáde ìwé, mo ṣe tíṣà díẹ̀, mo wá gbọ́ pé kóòtù orí òkè Mápó ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dán mi wò, wọ́n gbà mí. Òyìnbó ṣì ń jọba nígbà náà. Owó oṣù náà kò tó ohun tí àgbàlagbà ń jókòó sọ.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tó yẹ ní sísọ. Alàgbà Àkànní ni à ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ kóòtù dúdú nínú ooru, tí n kò sì rí eyín rẹ̀ títí oṣù mélòó kan fi kọjá. Ó ní n kò gbọdọ̀ lanu níbi ìgbẹ́jọ́ àfi tí òun bá ní kí n là á. Etí lásán ni mo jẹ́. Bí ìgbẹ́jọ́ bá parí, a ó lọ jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé, yóò sì ní kí n tún ohun tí ẹlẹ́rìí kan sọ sọ fún òun, ní Yorùbá ná, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Kí ni obìnrin àárọ̀ yẹn ní ọkọ òun ṣe fún òun?"

"Ó ní ó fìyà jẹ òun, sà."

"Ó ní ó gbá òun létí! Etí dà? Níbo lo gbé etí obìnrin sí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Èmi ò bínú. Adájọ́ ni yóò bínú bó bá wá etí tì."

Lọ́jọ́ mìíràn, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ kan, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán wọ̀ ọ́ láṣọ, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Alàgbà Àkànní wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ní kó o fi ṣúgà sí i? Ṣé ògì ìyá rẹ ni?"

Ẹyin lohùn, ni yóò wí, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin ẹlẹ́yin sì ni èyí tí ògbufọ̀ ń gbé kiri. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, n kò gbọdọ̀ pariwo. Bó bá ṣe àṣìsọ, n kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

Ó tún gbà pé Yorùbá mi kò pé. Ó ní Yorùbá ìwé ni mo gbọ́, n kò tíì gbọ́ ti èèyàn. Ní ọjọ́ tí kóòtù kò bá jókòó, yóò rán mi lọ sí Ọjà'ba kí n lọ máa gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń ná ọjà, tàbí kí n lọ sí agbo ilé ìbátan rẹ̀ kan ní Ìdí Àrẹrẹ kí n máa fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ilé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọn kò kọ́ wa ní ilé ìwé ìjọ. Lójú ìyàwó, gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí agbo ilé náà kí ó tó wọlé dé ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ. Yóò wo ìrísí wọn, yóò fún wọn lórúkọ tirẹ̀: Adúmáadán fún ẹni tí dúdú rẹ̀ ń dán, Eyínmẹ́nugún fún ẹni tí eyín rẹ̀ bá ẹnu mu, Agùntáṣọọ́lò fún ẹni tó ga tí aṣọ yẹ lára rẹ̀. Kì í ṣe eré. Ẹ lè bi ìyàwó ilé gidi ní orúkọ àbísọ ọkọ ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní pè é. Ìgbà tí mo ròyìn èyí fún ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Ó ní, "O ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀."

Bí ó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan wà tí kò ní ṣàì bi mí: "Nínú àwọn lọ́yà òní, ta ló bi ìbéèrè?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ mi ilé jù ni mo máa ń dárúkọ. Yóò pòṣé. "Ìyẹn pariwo. Mo ní ta ló bi ìbéèrè?" Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tó bi ìbéèrè ni ẹni tó fẹ́ gbọ́ èsì, àti pé ẹni tí kò lè dákẹ́ kí ẹlẹ́rìí dáhùn, kò bi nǹkan kan.

Ẹjọ́ ilẹ̀ kan ló là mí lójú. Lọ́yà àgbà kan wà tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ìdajì ilé, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́rìí ń sùn lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí kan búra pé ojú òun ni wọ́n ṣe ta ilẹ̀ náà. Lọ́yà àgbà dìde.

"Ẹ kú ìdúró o, bàbá. Nígbà tí wọ́n ta ilẹ̀ yìí, ǹjẹ́ wọ́n gbé obì kalẹ̀?"

"Háà, ṣé ilẹ̀ á tà láìsí obì ni?"

"Òótọ́ lẹ sọ. Ta ló gbé e yíká fún àwọn tó jókòó?"

"Èmi ni. Ọwọ́ mi báyìí ni mo fi gbé e yíká."

Lọ́yà náà dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn tó ń ná ọjà ní ìsàlẹ̀ òkè.

"Bàbá, nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ta ló dàgbà jù?"

"Èmi náà ni. Ṣé ẹ rí i, torí àgbà mi ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí."

Àwọn àgbààgbà tó jókòó lẹ́yìn ti bú sẹ́rìn-ín kí ẹlẹ́rìí náà tó mọ̀ pé òun ti ṣubú. Ilé wo ni àgbà ti ń gbé obì yíká níṣojú ọmọdé? Ẹni tó kéré jù lọ níjókòó ló ń gbé e. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ rárá. Lọ́yà àgbà kò pè é ní òpùrọ́, kò jágbe mọ́ ọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Alàgbà Àkànní tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ìyẹn bi ìbéèrè," ló sọ sí mi létí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti obì yìí sọ́kàn. Lọ́yà náà mọ àṣà ilé, ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ wá òtítọ́ jáde.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun wa ni irinṣẹ́ wa. Ariwo Ọjà'ba a máa gòkè bọ̀ bí omi tó ń hó, a ó sì máa fi ohùn bá a jà. Ẹyin tútù ni Alàgbà Àkànní máa ń mu láràárọ̀, ó ní ó ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, tó máa ń súfèé bí a bá sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dé. Ọ̀gá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà yóò gba gbogbo ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní í gba ojú. Ó fẹ̀yìn tì kí òmìnira tó dé, ó sì kú láìrí tẹlifíṣàn, tó gba ojú, tí ojú náà kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Òmìnira dé, ìṣèlú sì gba ìgboro. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ tèmi, ọ̀tá mi ni. Ní agbo ilé tí mo sọ ní Bẹ́yẹrúnkà, ọmọ ilé kan, tí wọ́n ti bí kí Sàlámátù tó wọlé dé, di káńsílọ̀. Kí ìbò tó dé, ó ní kí àwọn ìyàwó ilé tó ń rẹ aró jáde wá bá òun jó níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òun. Wọ́n ní aró tí àwọn pò kò ní í dúró de ìpàdé, wọn kò lọ. Lẹ́yìn tó wọlé ìbò, ó kó òṣìṣẹ́ àti katakata wọ inú ọgbà náà, ó ní ìjọba fẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ìkòkò tí ìyá fi sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ, tí ìyàwó ọmọ náà tún fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n fọ́ ọ túútúú. Aró ṣàn gba ojúlé, ó sì sọ ẹsẹ̀ àwọn ewúrẹ́ di búlúù. Àwọn tó ti ọjà dé bá a ní bí ẹni ń wo òkú ni.

Ìgbà tí ariwo irú nǹkan báyìí pọ̀ jù, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan dìde láti yẹ ìṣe àwọn káńsílọ̀ wò. Bí wọ́n bá rí i pé káńsílọ̀ náà ló pàṣẹ nítorí ìbò, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Bí wọn kò bá rí i bẹ́ẹ̀, ó parí. Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n jókòó sí. Alága wọn jẹ́ adájọ́ kan tó ti òkè òkun wá, kò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. Lọ́yà tó ń ran ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ ti apá ibòmíràn ní Nàìjíríà wá, òun náà kò gbọ́. Wọ́n gbé kámẹ́rà wọlé. Iná tí wọ́n tàn fún un gbóná débi pé òógùn ń kán láti abẹ́ irun àtọwọ́dá tí àwọn lọ́yà dé sórí. Lójú fèrèsé ilé gbogbo tó ní tẹlifíṣàn ní Bẹẹrẹ, èrò ń gun ara wọn.

Káńsílọ̀ náà gba lọ́yà kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Lọ́yà Bẹ́ẹ̀-ni-àbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni ìgboro ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, inú agbo ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kó tó lọ sí ìlú òyìnbó. Orúkọ rẹ̀ gidi kò ní í jáde láti ọ̀dọ̀ mi níhìn-ín. Ó mọ ara rẹ̀, ìlú sì mọ̀ ọ́n.

Sàlámátù ni ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù, nítorí òun nìkan ló wà nítòsí tó gbọ́ àṣẹ náà. Àwọn yòókù wà lọ́jà. Ó gbé Àlùkùránì, ó búra, ó sì ròyìn bí ọkùnrin náà ṣe dúró lẹ́nu ọgbà, tó na ọwọ́, tó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìkòkò ńlá yẹn. Kí wọ́n lọ dìbò fún ìkòkò." Mo gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì láìfi ṣúgà sí i. Alága ń kọ̀wé kíákíá. Mo rò pé ọgbà náà ti padà.

Lọ́yà Bẹ́ẹ̀-ni-àbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ dìde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, èmi sì ń túmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Èmi ni mo ń fi "ẹ" sí i, nítorí obìnrin náà jù ú lọ.

"Ẹ ní ẹ rí ẹni tó pàṣẹ. Ta ni?"

"Agùntáṣọọ́lò ni."

"Agùntáṣọọ́lò mélòó ló wà ní Ìbàdàn?"

"N ò kà wọ́n. Èyí tó fọ́ ìkòkò mi ni mo wí."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà ni wọ́n sì ń bá rẹ́rìn-ín. Ojú lọ́yà náà le. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá, kò sì fi ọ̀wọ̀ kankan sí i; èmi wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún alága.

"Ìwọ obìnrin yìí, o mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àbí o ò mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Pè é."

Sàlámátù fa ìborùn rẹ̀ síwájú. "Ẹ jẹ́ kí n nawọ́ sí i. Òun ló jókòó níbẹ̀ yẹn, tó wọ agbádá funfun."

"Ìka kì í sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Pè é!"

"Ẹ bi ọmọ mi níta, á pè é fún yín. Ẹ bi ẹni tó bá wù yín."

"Ṣé ọmọ rẹ ló búra ni? Ìwọ lo gbé Àlùkùránì. O ò ha búra pé wàá sọ gbogbo òtítọ́?"

"Mo búra."

"Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú òtítọ́ ni?"

Kámẹ́rà sún mọ́ obìnrin náà. Ó wo ilẹ̀. Lọ́yà náà kọjú sí alága, ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì tó dán bí bàtà tuntun: ẹ̀yin náà ẹ rí i, ẹlẹ́rìí yìí sọ pé òun mọ orúkọ, kò sì lè pè é, ẹnì kan ló kọ́ ọ ní ìtàn, wọ́n sì gbàgbé láti kọ́ ọ ní orúkọ. Àwọn tó ń bá obìnrin náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan wá ń fi í rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo bẹ alága pé kí ó jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà kan. Kí n tó parí gbólóhùn náà, lọ́yà náà ti fò dìde.

"Ògbufọ̀ ti di ẹlẹ́rìí! Ta ló mú un búra?"

Alága wò mí gba orí awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n túmọ̀ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ, kí n má túmọ̀ ohun tí kò sọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní bí mo bá tún lanu, òun yóò ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ mìíràn. Wọ́n ní kí Sàlámátù sọ̀kalẹ̀.

Nígbà ìsinmi, mo lọ bá lọ́yà náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń nu òógùn.

"Lọ́yà, ẹ mọ̀ pé kò lè pè é."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ògbufọ̀, ẹ jẹ́ ká sinmi."

"Ìyá tó bí yín, kí ló ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá yín?"

Kò bínú. Ó dà bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan rí ọgbọ́n tí òun dá.

"Adúmáadán," ló wí. "Adúmáadán ló ń pè é títí wọ́n fi sin ín. Ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ ni? Bí n ò bá mọ̀, báwo ni mo ṣe máa bi í?"

"Ẹ sì tún bi í?"

"Wọ́n ní kí ẹ̀yin máa túmọ̀, wọ́n ní kí èmi gba oníbàárà mi sílẹ̀. Ohun tí èèyàn mọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́."

Ó fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó wọlé lọ. Nínú gbogbo àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdí tí obìnrin náà fi dákẹ́. Ẹni náà ló ń bi í ní ìbéèrè.

Lọ́jọ́ kejì, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Bẹẹrẹ. Bí ẹni tó lọ wo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Góòlù mẹ́ta ni mo fún lọ́yà yẹn!" ni télọ̀ kan wí. "Ẹnu bí abẹ!"

"Mẹ́ta kẹ̀? Ojú ẹsẹ̀ ló pa obìnrin yẹn lẹ́nu mọ́. Bí mo bá lówó, ọmọ mi á ṣe lọ́yà."

Onígbàjámọ̀ rí mi. "Ẹ̀yin ògbufọ̀ lẹ wà níbẹ̀. Ẹ bá wa dá a, ṣé ẹ rí lọ́yà tó mọ ìbéèrè bi tó báyẹn rí?"

Mo ní, "Kò bi ìbéèrè kankan. Ilẹ̀kùn ló tì."

Wọ́n ní mo ti ń darúgbó. Bàbá onílà kan tí wọ́n ń fá lórí ló wá sọ̀rọ̀ láti inú ọṣẹ. "Ìyàwó mi ti wà nílé mi láti ìgbà ogun Hítílà. Ẹ lọ ní kó pe orúkọ àbúrò mi fún yín."

Télọ̀ náà wo abẹ́rẹ́ tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì bá wa rẹ́rìn-ín lánàá."

"Mo rẹ́rìn-ín," ni bàbá náà dáhùn. "Tẹlifíṣàn ni mo ń wò, n ò rántí ilé."

Gbogbo wọn ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rẹ̀ mí títí di òní. Kò sí ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó tí aya rẹ̀ ń pe ọkọ ilé lórúkọ àbísọ. Ṣùgbọ́n lọ́yà náà dúró dáadáa, ẹ̀wù rẹ̀ bá a mu, ohùn rẹ̀ ń dún, àwọn èèyàn sì fi ìdúró díwọ̀n ọgbọ́n. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Nígbà tí mo lọ kí Sàlámátù, orogún rẹ̀ ń bá a wí níwájú mi.

"Ẹ bá mi bi í, bó bá pè é lẹ́ẹ̀kan péré, kí ni yóò ṣe é? Ìkòkò wa ńkọ́?"

Sàlámátù kò bínú sí i. Ó ní, "Mo lè sọ ohun tó ṣe. Ó ṣe é, mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n pè é lórúkọ lójú ayé, bí ìgbà tí mo tú u sí ìhòòhò ni. Ilé rẹ̀ náà ni mò ń gbé. Ọ̀nà wo ni n óò gbà wọlé?"

"O ti wọlé báyìí, aró dà?"

"Ìyẹn ni mo ń wò."

Ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ wọn jáde. Wọ́n ní ẹ̀rí obìnrin náà kò ṣeé gbà, ó jọ ìtàn tí wọ́n kọ́ ọ. Káńsílọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́, ilẹ̀ kò sì padà. Láti ọjọ́ náà, bí Sàlámátù bá kó àdìrẹ tó lọ rẹ lọ́gbà ẹlòmíràn dé Ọjà'ba, tó sì ní aró náà kò ní í ṣí, àwọn oníbàárà á ní, "Ṣé èyí náà, o mọ orúkọ ẹni tó rẹ ẹ́?" Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àbọ̀ náà.

Èmi ṣiṣẹ́ lọ. Sójà dé, kóòtù kò kúrò níbẹ̀, ẹlẹ́rìí ń wọlé, ẹlẹ́rìí ń jáde, mo ń gbé ẹyin ẹlẹ́yin títí wọ́n fi ní ọjọ́ orí mi tó fẹ̀yìn tì. N kò kórìíra iṣẹ́ lọ́yà. Bí ọmọ mi bá fẹ́ kọ́ ọ, n óò ràn án lọ́wọ́, n óò sì sọ ti lọ́yà àgbà olóhùn jẹ́jẹ́ fún un. Àwọn kan á ní oníbàárà rẹ̀ ni Lọ́yà Bẹ́ẹ̀-ni-àbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ ń gbà sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo gbà pé kí lọ́yà dán ẹ̀rí wò bí wọ́n ṣe ń dán aṣọ wò nínú omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òtítọ́ ni ẹlẹ́rìí ń sọ, tó wá mú ìwà ọmọlúàbí ẹlẹ́rìí náà, tó fi fún un lọ́rùn pa, kí ni à ń pe ìyẹn?

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n pe ọ̀gbẹ́ni náà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan láti kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Ti Sàlámátù ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó máa ń kí mi sọ bó ṣe ṣe é fún mi: ó ṣe ohùn obìnrin náà, ó fa ìborùn tí kò sí lórí rẹ̀ síwájú, ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sọ fún wọn pé Adúmáadán ni ìyá òun ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá òun.

Nítorí náà mo pè é jáde. Kí ó padà lọ bá àwọn ọmọ náà, nínú yàrá kan náà, kí ó sọ ohun tó sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mápó. Káńsílọ̀ náà ṣì wà láàyè, ó ń gba ìkíni àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kí òun náà sọ ẹni tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ìkòkò ńlá. Kí àwọn tó jogún àga ìgbìmọ̀ náà sọ ìdí tí àbọ̀ wọn ṣì fi ń pe olóòótọ́ ní òpùrọ́, tí ilẹ̀ àwọn aláró sì di ibi tí wọ́n ń kó mọ́tò tó bàjẹ́ sí. Àwọn ọmọ Sàlámátù wà ní Bẹ́yẹrúnkà, wọn kò kó lọ. Wọ́n ń dúró de èsì. Ẹ dá wọn lóhùn.